Obìnrin Tí Kò Pariwo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí àgbọn ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Òkokomáíkò. Ǹ bá gbé e mì pátápátá, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé tọ̀ mí wá.

Omidan ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Igbó-Elérin. Ayé dùn! Àwọn aláboyún á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa pàtẹ́wọ́ kọrin, títí Màmá tó ni ilé ìgbẹ̀bí á fi jó jáde sí wọn. Màmá kì í jágbe mọ́ aboyún. "Ẹ gbọ́ tẹnu wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n," ni wọ́n máa ń sọ fún wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá lọ sí Ìyànà Ìbà. Ìyàwó apẹja kan, ará Ègùn láti Òjó, rọra pè mí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń bọ̀."

Èmi aláìmọ̀kan rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyàwó, ẹni tọ́mọ ń bọ̀ lára ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́." Mo sọdá títì lọ parí irun tí mo ń dì. Mi ò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé obìnrin kì í pariwo ìrọbí.

Nígbà tí mo máa fi padà dé, ó ti dá bímọ sórí ẹní, ó fi ìborùn gba ọmọ náà. Mo sáré gbé ọmọ. Bí Màmá ṣe wọlé nìyẹn.

"Háà, ọwọ́ ẹ mà dáa o!"

Ẹ jọ̀ọ́, mo dáhùn pé, "Ẹ ṣé, mà." Obìnrin náà kàn wò mí. Màmá ní kí wọ́n fi orúkọ mi sọ ọmọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ṣadé. Títí Màmá fi kú, wọ́n ń tìtorí ẹ̀ yìn mí.

Mo ti ní ilé ìgbẹ̀bí tèmi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin yẹn wọlé, ó ti hewú, ó fa Ṣadé tí oyún rẹ̀ ti tó bí lọ́wọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ò ní pariwo o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbì kankan."

 Mo gba Ṣadé wọlé, mo fún un ní ibùsùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mo ti gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àmọ́ ṣé kí n sọ fún Ṣadé irú ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é, kó tó rọbí, àbí kí n kọ́kọ́ gbẹ̀bí rẹ̀ ná?