Ọ̀pá Ìpẹja Tí Mo Kùn Lọ́dà

"Bàbá Kúnlé, ẹ ṣáà fá ọ̀dà yẹn kúrò."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá yín àgbà sọ kẹ́yìn nìyẹn, ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì rò pé ibà ló ń mú un sọ̀rọ̀. Èmi mọ ohun tó ń wí.

Ẹ gbọ́. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀? Lónìí, kí ọmọ tó sunkún tán, fọ́tò rẹ̀ ti kárí ayé. Tèmi wà nínú ìwé ìrìbọmi. Tirẹ̀ ńkọ́? Ara ọ̀pá ìpẹja ló wà.

Bàbá rẹ̀ ni kúùkù òyìnbó rélùwéè kan ní Ìfọ̀. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni òyìnbó náà ń gbé ọ̀pá lọ sódò. Ìyẹ́ ẹyẹ ló ń so mọ́ ìwọ̀, kí ẹja lè rò pé kòkòrò ni. Ẹja Ìfọ̀! Bàbá rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá mi kì í pẹja. Odò ló ń nà."

Ọ̀sẹ̀ tí òyìnbó fẹ́ padà sílé ni wọ́n sọ ìyàwó mi lórúkọ. Òyìnbó kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sára ọ̀pá, lókè ibi ìdìmú, ó sì fi ta bàbá lọ́rẹ.

Bí ìyá yín àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Kò mọ̀wé. Ó ní kí n bá òun kà á. Mo ní èéfín ààrò ti bò ó, mo ní irọ́ ni ìtàn náà.

Ó ní, "Ẹ ṣọ́ra o. Tí ọdún yẹn bá ṣáájú tiyín, ẹ̀gbọ́n yín lẹ ń pè ní 'ìwọ' láti ìgbà yìí wá." Á kúnlẹ̀ kí mi, á tún bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a kọ́lé sí Mówè níbí, ọ̀dà géètì ṣẹ́kù. Mo fi kun ọ̀pá náà. Mo fi apá ìdí rẹ̀ tó nípọn ti okùn aṣọ. Ṣé mo wò ó kí n tó kùn ún? Rárá. Ìyá yín àgbà wò mí... ó lọ sá aṣọ rẹ̀.

Báyìí, ẹni tó ń kọ òkúta sàréè ní Ìbàfò ń bèèrè ọdún tí wọ́n bí i.

Títí, ọmọ ọmọ mi, ìwọ lo kọ́kọ́ ka ojú ọ̀pá náà: mẹ́fà. O pariwo, "Bàbá àgbà, kì í ṣe igi kan o! Ọparun mẹ́fà ni wọ́n là, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀!" O fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó mọ̀ nípa ọ̀pá ìpẹja àtijọ́. Ó ní òwú ṣẹ́dà tó wé e àti irin ìsopọ̀ rẹ̀, ti ayé òyìnbó ni lóòótọ́. Ó ní ká má fi sánpépà kàn án.

Èékánná ni mo fi ń fá ọ̀dà náà. Àná, orúkọ rẹ̀ jáde: Àbẹ̀kẹ́. Tàdáwà dúdú, tín-ín-rín. Ọjọ́ jáde. Oṣù jáde. Nọ́ńbà mẹ́ta jáde nínú ọdún.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹnìkan bá ní kí ẹ bá òun ka nǹkan, ẹ kà á.

Mi ò tíì fá ọ̀dà orí nọ́ńbà kẹrin, èyí tó máa sọ bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò tíì dá oníṣẹ́ òkúta lóhùn. Okùn aṣọ ti rọ̀ sílẹ̀, mi ò tíì ká ìró rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé, "Ẹ má bínú."