Ẹ Tẹ Oókan Tó Bá Jẹ́ Ìlobù Lẹ Wà

Ẹ má tíì fọwọ́ sí i! Mo ní ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná, Ọ̀gbẹ́ni Bùràímọ̀. Ẹ ti jókòó sí pálọ̀ mi, ẹ ti mu omi mi, ẹ ó gbọ́ tẹnu mi tán kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ ní ọ́fíìsì yín ló ń yẹ ọ̀nà tí fóònù fi ń pe ìrànlọ́wọ́ wò, pé ẹ ti dán an wò ní Ìfọ́n níbí àti ní Ìlobù lọ́hùn-ún, pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ku kẹ́ ẹ fàṣẹ sí i kó di ti gbogbo Nàìjíríà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa? Fún ta ni? Ẹ wo ojú mi kẹ́ ẹ tún un sọ!

Èmi Fadékẹ́ tẹ́ ẹ rí yìí, ọmọ Ìfọ́n ni mí. Oyèdìran tó bí mi, ìlú yìí náà ni wọ́n sin ín sí. Amos ọkọ mi, bàbá Tèmilọlá, ọmọ Ìlobù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìlobù! Kí lẹ wá ń wò mí bẹ́ẹ̀ sí? Ẹ rò pé torí ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń jà lé lórí, a ò ní fẹ́ra wa ni? A ti ń fẹ́ra wa tipẹ́. Ìgbà tí ìbọn bá ń dún ni olúkálùkù máa ń rántí ilé bàbá ẹ̀.

Ìyẹn ò tiẹ̀ kàn yín. Èyí tó kàn yín rèé. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ọkọ mi tẹ̀lé Ṣínà àbúrò mi lọ fa ẹ̀gẹ́ lóko bàbá wa. Ojú ààlà gan-an loko yẹn wà, àwọn ará Ìlobù ní tàwọn ni, àwa náà ní tiwa ni, kóòtù ò sì tíì parí ẹ̀. Ni paramọ́lẹ̀ bá bu Ṣínà ṣán lẹ́sẹ̀. Kò sí ọkadà nítòsí. Ṣínà fúnra ẹ̀ ló yọ fóònù, ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa, ló bá wọlé. Obìnrin inú fóònù yín, olóhùn oyin yẹn, ló bá fèsì: “Ìlobù lẹ wà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ oókan.”

Ìlobù kẹ̀! Kò sì sí nọ́ńbà míì téèyàn lè tẹ̀. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sún mọ́ oko wa, ọ̀dọ̀ wọn ló wà, ohun tí fóònù yín mọ̀ nìyẹn. Àbúrò mi ní láéláé, òun ò ní fọwọ́ ara òun gbé oko bàbá òun fún Ìlobù. Ó pa á. Ó tún un pè. Ìlobù lẹ wà. Ó tún pa á! Pẹ̀lú oró ejò lára o! Ẹsẹ̀ ń wú, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó ń bá fóònù jà, ó ń pariwo pé Ìfọ́n lòun wà, Ìfọ́n ni!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọn ò dáná sun ilé ìyá ẹ̀ rí lè rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run búra, kò sí ọmọ Ìfọ́n tó máa fẹnu ara ẹ̀ sọ pé Ìlobù ni ibẹ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ bá sì ní kí ọmọ Ìlobù tẹ oókan sí Ìfọ́n, òun náà ò ní tẹ̀ ẹ́, á kúkú kú síbẹ̀. Ta lẹ bi léèrè nínú wa kẹ́ ẹ tó ki ìbéèrè yẹn bọ inú fóònù? Họ̀wù!

Ọkọ mi ló já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tẹ oókan. Kí ni kó ṣe? Kó máa wo àbúrò ìyàwó ẹ̀ níran títí tó fi máa kú? Àńbúláǹsì dé, wọ́n gbé e, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, Ṣínà ò kú. Mo kúnlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ lé yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò mọ̀ pé wàhálà ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ní kí fóònù yín máa ránṣẹ́ kiri? “Ṣínà Oyèdìran ti gbà pé Ìlobù lòun wà. Ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́.” Ó ti gbà! Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ta ló bá yín wá “ti gbà” yẹn rí? Gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹ̀ ló bá lọ, ẹbí, ọ̀rẹ́, ọ̀tá. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Ìlobù, wọ́n ń pín in lórí Wọsáàpù pé ọmọ Ìfọ́n ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́rìí, ẹjọ́ ti parí. Àwọn ọmọkùnrin ìlú tiwa wá ní ọkọ mi ló dọ́gbọ́n gba ilẹ̀ fún ìlú ẹ̀.

Ṣínà ńkọ́? Ó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, kò bèèrè omi, fóònù ló kà. Ó ní kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kóun kú sí Ìfọ́n. Ó ní kí n jáde lójú òun. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Nígbà tó di àná, àwọn ọmọkùnrin yẹn fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ilẹ̀kùn mi pé ilé ọ̀tá ni, ẹ̀yin náà rí i nígbà tẹ́ ẹ ń wọlé. Àwọn aládùúgbò mi, bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á kó ọmọ wọn wọlé. Mo ti gbé Tèmilọlá lọ sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ wà ní yàrá lọ́hùn-ún, ó ní òun ò ṣẹ̀, òun ò ní sá.

Nítorí náà, ẹ yọ ìbéèrè yẹn kúrò! Kí fóònù mọ ibi tá a wà, kó pe àńbúláǹsì, kó pa ẹnu ẹ̀ dé. Ó ṣòro ni?

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ nǹkan? Ẹ má dé ojú fèrèsé! Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Jésù! Wọ́n ti kún ẹnu géètì. Ta ló ń tiro bọ̀ níwájú yẹn? Ṣínà ni. Ṣínà tèmi, tòun ti báńdéèjì lẹ́sẹ̀, tòun ti àdá lọ́wọ́. Bàbá Tèmilọlá, ẹ má jáde o! Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá!

Ọ̀gbẹ́ni Bùràímọ̀, ẹ yọ fóònù yín, kíá! Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí? Nínú pálọ̀ mi, ní Ìfọ́n, òpó wọn ló tún mú, ó ní Ìlobù lẹ wà! Ẹ mú ohùn ẹ̀ wálẹ̀! Kò ṣeé mú wálẹ̀? Wọ́n ti gbọ́ ọ níta, ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe kọjú sí fèrèsé? Ó yá, ẹ tẹ oókan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ o! Kí ló dé tẹ́ ẹ fa ìka yín sẹ́yìn?

Háà! Ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fàṣẹ sí i fún gbogbo ayé, ẹ wò ó, ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́!