Mo Gba Ojú Ẹ̀rọ Gbọ́ Ju Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nítorí mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá ń kọjá ní àdúgbò wa ní Ìwó báyìí, àwọn ènìyàn a máa kí mi, wọn a máa yìn mí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́, pé àwọn ọmọ tó wà nínú kàlẹ́ńdà tí mo ṣe, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n óò dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú ara mi ń tì mí. Orí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo tẹ̀ kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń yìn mí yìí, mo sì mọ̀ pé wọn ò jẹ̀bi. Ká ní mi ò mọ̀ ni, ǹ bá wí pé àṣìṣe ni. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Irú èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó tọ́ ọ?

Sìdíkátù ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ìyá kan náà ló bí àwa obìnrin méjèèjì. Mo ṣì kéré nígbà tí ìyá wa jáde láyé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì dàgbà sí. Àwọn ni wọ́n rán mi lọ sílé kéú, àwọn náà ni wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwé. Ọkọ wọn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà. Nígbà tí ọkọ kú, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Wọ́n ń tẹ káàdì ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń tẹ pọ́sítà wáàsí àti kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ́ èmi náà. Nígbà tó yá, a pín iṣẹ́ náà sí méjì: èmi ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí mo bá gbé iṣẹ́ dé, wọ́n á gbé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde síta níbi tí oòrùn wà, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á fi èkejì wò ó, wọ́n á ní, "Àbúrò, pupa ibí yìí ti pọ̀ jù, dín in kù." N óò sì dín in kù. Wọn kì í sábà ṣì í.

Nígbà tí iṣẹ́ ń wọlé, mo ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ títí mo fi ra lápítọ́ọ̀pù tuntun, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá ń gbé kiri. Ìbàdàn ni mo ti lọ rà á. Ẹ̀rọ náà fanimọ́ra. Ó fẹ́lẹ́ bíi wàláà ọmọ kéú, ara rẹ̀ tutù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ọkùnrin tó tà á fún mi bi mí pé ṣé kí òun tan án, kí n yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa kí n tó máa gbé e lọ. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá ń yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, yóò rí mi bí ará oko. Ẹ̀rọ olówó iyebíye, nínú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa láti òkè òkun, kí ni èèyàn tún ń yẹ̀ wò lára rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí i pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ẹ̀rọ náà ṣe ni kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan tó wà lọ́nà Kuta, tó jẹ́ ti Àlhájà kan. Bí mo ṣe ṣí àwòrán àwọn ọmọ náà, gbogbo rẹ̀ pọ́n díẹ̀ lójú mi. Mo wí fún ara mi pé ẹ̀rọ àtijọ́ ni ò jẹ́ kí n máa rí òtítọ́, èyí tuntun yìí ni ojú rẹ̀ là. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín pupa kù, mo dín in títí ara àwọn ọmọ náà fi jọ̀lọ̀ lójú mi, mo sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti tẹ ẹyọ kan, wọ́n gbé e lọ́wọ́ nínú oòrùn.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ojú àwọn ọmọ yìí ti ń dà bí ewé. Lórí fóònù mi gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí. Tún un wò."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá ẹni tó tọ́ mi lóhùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ fóònù yín. Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́, àwọn oníṣẹ́ ń retí."

Wọn ò jiyàn. Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí a gbé kàlẹ́ńdà náà lọ, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Àlhájà fi ayọ̀ tú ìdì náà lójú gbogbo èèyàn. Ojú àwọn ọmọ náà rí bí ojú ẹni tí ibà ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Ìyá kan fa ẹyọ kan yọ, ó ní, "Ta ló sọ fún wọn pé ara ọmọ mi ò yá?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlhájà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n yíjú sí wa, wọ́n bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, Àlhájà, iṣẹ́ tèmi mọ́. Íńkì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni kì í ṣe ojúlówó." Mo yọ lápítọ́ọ̀pù mi, mo tan án, mo gbé e síwájú wọn. Lójú rẹ̀, àwọn ọmọ náà ń dán bí ọmọ ọba. Àlhájà wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ìwé, wọ́n wá wo ẹ̀gbọ́n mi láti òkè délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Àlhájà. Wọ́n ní, "Íńkì tí mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá náà ni." Ta ló fẹ́ gbọ́? Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹnu àbúrò wọn náà ló ṣáà ti jáde. Òótọ́ ló sọ. Bí ará ìta bá bà ọ́ jẹ́, àwọn èèyàn lè ṣe iyèméjì. Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá rẹ ni, kí lo fẹ́ wí?

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ó wọ ọjà, ó wọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ síbòmíràn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ayédèrú íńkì ni wọ́n ń lò. Èmi náà ń gbé tèmi lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dá páropáro, wọ́n ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọkọ wọn, wọ́n kó lọ sí Kuta níbi tí àwọn àna wọn ti ń dáko, wọ́n lọ ń yan gààrí. Mo gbọ́ pé wọ́n lọ. Mi ò lọ sìn wọ́n sọ́nà.

Ọ̀rọ̀ lásán ló kún àwọn iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn náà, kò sí àwòrán nínú wọn, nítorí náà nǹkan kan ò hàn. Ìgbà tó yá ni mo gba iṣẹ́ àwòrán ìdílé kan. Nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ tán, ara gbogbo wọn dà bí ewé. Inú bí mi, mo fẹ́ lọ bá wọn jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo ṣí ojú ewé funfun kan tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀ kí n lè tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ìwé funfun tí a fi ń tẹ kàlẹ́ńdà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo ìwé, mo wo ẹ̀rọ. Funfun ẹ̀rọ kì í ṣe funfun. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bí omi sóbò tí wọ́n bu omi lù. Pupa tí mo ti ń dín kù ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí lára ọmọ ẹnikẹ́ni. Ojú ẹ̀rọ ló wà.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó tà á fún mi. Ó gbé irú rẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tan méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn hàn sí afọ́jú. Ó ní, "Ẹ má bínú, màámi. Àwọn kan máa ń jáde bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n. Ó yẹ kí àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀ ti yọ ọ́ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó bọ́ mọ́ wọn lójú. Ẹ ṣe oríire, gárántì rẹ̀ ò tíì tán." Ó fún mi ní òmíràn. Oríire! Ẹ̀rọ rí ẹni pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò pààrọ̀ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi?

Nínú mọ́tò tó ń gbé mi bọ̀ wálé, mo búra pé n óò sọ ọ́. Nígbà tí mo délé, mo ní ó di lẹ́yìn ọdún Iléyá. Iléyá dé, ó lọ. Kàlẹ́ńdà tuntun tí mo ṣe fún Àlhájà dára gan-an, àwọn èèyàn sì ń wí pé láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni iṣẹ́ mi ti mọ́. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ má tíì bú mi, ó kù. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń bọ̀, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ àáfà, tó sì jẹ́ àgbà ilé wa, pe àwa méjèèjì síwájú àwọn àgbà yòókù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ ìyá méjì fi ìjà wọnú ààwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà wá láti Kuta, eruku bo ìbòrí wọn, ọwọ́ wọn ti le koránkorán nítorí iná gààrí. A ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí wọ́n fi kúnlẹ̀ síwájú àwọn àgbà, wọ́n ní, "Bóyá ọwọ́ mi ni ẹ̀bi ti wá tí mi ò mọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àbúrò, má bínú, dárí jì mí."

Àáfà yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Òtítọ́ wà lẹ́nu mi bí iṣu gbígbóná. Mo wo ojú àwọn àgbà, mo ro bí wọn yóò ṣe wò mí, mo gbé e mì. Mo ní, "Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dárí jì yín." Èmi ni mo dárí jì wọ́n. Àáfà ṣe àdúà, gbogbo ilé ṣe àmín, èmi náà ṣe é.

Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sààrì ò wọ̀ mí lọ́fun. Kí ààwẹ̀ tó parí, mo lọ sí Kuta. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí agbada, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká lọ sábẹ́ igi kan, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò ké mọ́ mi. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo rí i lórí fóònù ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe íńkì mi."

Mo bi wọ́n, "Kí ló wá dé tí ẹ fi bẹ̀ mí lójú àwọn àgbà?"

Wọ́n ní, "Mo rò pé bí mo bá kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ojú á tì ọ́, wàá sọ òtítọ́."

Mo wólẹ̀, mo sunkún. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n fi ìbòrí wọn nù mí lójú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́ igi yìí lo ti bà mí lórúkọ jẹ́. Níbi tó o ti sọ ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kó o lọ sọ èyí náà." Wọ́n padà sídìí gààrí wọn.

Mo lọ o. Bí ààwẹ̀ ṣe parí, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Àlhájà, mo ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn bí ọmọ kéú tó fẹ́ kàwé níwájú àáfà. Àlhájà rí mi, inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ ránṣẹ́ sí." Wọ́n pe àwọn olùkọ́ jọ, wọ́n yìn mí lójú wọn, wọ́n ní àwọn ń ṣí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sí Olúpọ̀nnà, èmi sì ni n óò máa ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ náà. Mo ní, "Àlhájà, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ." Wọ́n ní, "Sọ ọ́, ọmọ mi." Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, "Mo ní ẹ ṣeun, mà." Mo gba iṣẹ́ náà, mo sì padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pè mí láti ìgbà náà, èmi náà ò lè pè wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ẹni tó ń bá yín wo iṣẹ́ yín, tó ń sọ fún yín pé ibí yìí ò dáa, ẹ má fi nǹkan olówó ńlá bú u. Ọwọ́ èèyàn bíi tiwa ló ṣe ẹ̀rọ, ó sì lè ní àbùkù láti inú páálí. Èmi ti jẹ tèmi. Ìmọ̀ràn ni mò ń tọrọ báyìí. Bí mo bá sọ òtítọ́, n óò pàdánù Àlhájà, bóyá n óò pàdánù gbogbo Ìwó. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á máa yan gààrí lọ ní Kuta pẹ̀lú orúkọ olè tí kò jalè. Àlhájà ní kí n gbé iṣẹ́ tuntun náà wá lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá tún pé jọ. Gbogbo àwọn tó gbọ́ ti ìjọ́sí ló máa wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá gbólóhùn tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀.