Ohùn Spas Lábẹ́ Fódà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Àwọn dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Momchil ni mo máa ń bá àwọn ará àdúgbò wa ní Gabrovo tún kọ̀ǹpútà ṣe. Nígbà tí Spas kú, Ìyá Stoilka, ìyàwó rẹ̀, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Spas ti ka ìtàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ìyá fẹ́ kí n kó wọn sínú àpótí ìpamọ́ tí gbogbo ilé jọ ń lò, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó fáìlì sí, kí kọ̀ǹpútà Linux kékeré tó wà ní ilé ìdáná lè máa gbé ohùn rẹ̀ jáde. Mo ṣí fódà òfìfo kan, àpò tí fáìlì ń gbé, sórí kọ̀ǹpútà náà, mo ní kó so àpótí mọ́ ọn, kó sì máa gbé ohun tó bá wà níbẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ bó bá ti tàn, mo sì da àwọn ìtàn náà sínú rẹ̀. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó so. Ọ̀lẹ ni mí. Mo wá pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù rẹ́, nítorí Ìyá fẹ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ní fóònù náà. Nígbà tí mo pa kọ̀ǹpútà, tí mo tún un tàn, àpótí so mọ́ fódà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wà nínú àpótí tẹ́lẹ̀ nìkan ni mo bá níbẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti tẹ nǹkan kan lórí fóònù yìí kí ẹ tó gbé e wá." Irọ́ gbuu! Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí náà ni, Momchil? Mo ti pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Lọ́jọ́ tí ikú Spas pé ọdún kan, a ń jẹ àlìkámà sísè ìrántí rẹ̀ lọ́sàn-án, iná lọ, iná dé. Lójijì ohùn Spas bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ní ilé ìdáná. Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá ìtàn lọ. Gergana aládùúgbò wọn ní, "Spas, o ò dákẹ́ rí láyé, ọ̀run náà ò tún rí ẹ pa lẹ́nu mọ́!" Ìyá Stoilka ti kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. "Ṣé o ti dárí jì mí ni, Spas?" Ìtàn yẹn parí, orin ṣọ́ọ̀ṣì sì gba ipò rẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ló jí ṣáájú àpótí. Nígbà tí mo da ìtàn sínú fódà, àpótí ò tíì so mọ́ ọn; nígbà tó wá so, kò pa wọ́n rẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sá pamọ́ sí. Ọdún kan gbáko ni Spas ti wà lábẹ́ orin yẹn.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Mo ní mo fẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò, mo tú àpótí kúrò lára fódà. Ìtàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò dín kan. Bí mo bá fi hàn án, yóò mọ̀ pé mo purọ́ mọ́ òun ni. Èmi ìkà, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Ìyá sì wà lẹ́yìn mi, ó ń bó ápù fún mi. Láti ìgbà náà, bí Ìyá bá ti jẹun ọ̀sán tán, á yọ wáyà iná kọ̀ǹpútà náà, á tún kì í bọ ojú iná, á wá fetí sílẹ̀ bóyá Spas á tún sọ̀rọ̀. Lánàá ó bi mí pé, "Momchil, kí ni mo tún fi ṣẹ Spas tí kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́?" Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ tètè lọ sọ fún un pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó tó tún yọ wáyà lọ́sàn-án òní.