Omi Inú Kẹ́ẹ̀gì Èyítáyọ̀

Ẹ̀yin ará ìjọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá kí mi, àmọ́ ẹ má tíì gbàdúrà fún mi. Lọ́jọ́rú ni wọ́n máa la àyà mi. Bí mo bá kú sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọlẹ̀. Àdúrà gan-an ni mo fi ṣe èyí tó burú jù níbẹ̀, ẹ ó gbọ́.

Gbogbo yín mọ̀ pé òṣìṣẹ́ láàbù ni mí ní yunifásítì tó wà ní Ugbowo. Lọ́dún méje sẹ́yìn, Èyítáyọ̀, ọmọ Adó-Èkìtì, wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wa. Á ri gíláàsì pẹlẹbẹ sínú kẹ́míkà gbígbóná títí ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á fi bo ojú rẹ̀, irú èyí tó ń sọ oòrùn di iná mànàmáná. Horo inú ìbòrí náà kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ìdọ̀tí bíńtín sì ti tó láti bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé omi tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀ padà sínú ìgò, nìkan la fi ń po kẹ́míkà náà. Èmi ni mò ń sè é. 'Bọ̀ọ̀dá Akin, omi mi dà?' Bó ṣe ń kí mi láràárọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, ojo ò sì jẹ́ kí n sọ ọ́.

Gíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ dáa gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì ní kó fi mẹ́wàá tó rí bákan náà ránṣẹ́, òun á gbà á sọ́dọ̀. Ó ń jó kiri láàbù, èmi náà ń fi eyín rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ pọn omi ẹ̀rọ tí mi ò sè sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo gbé e fún un. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe é.

Gbogbo ìbòrí rẹ̀ ń bó bí ọ̀dà ara ògiri. Ó pààrọ̀ kẹ́míkà, ó pààrọ̀ ìgò. Lọ́jọ́ kan ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá Akin, àbí omi yìí ni?' Mo ní, 'Omi kẹ̀? Èmi tí mo sè é fúnra mi?' Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. 'A jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà sí i.' Mo sì di ọwọ́ náà mú, mo pe orúkọ Jésù lé e lórí. Ó ń ṣe àmín, ó ń sunkún. Adùn dídi ọwọ́ yẹn mú ò tíì kúrò lára mi dòní, ìtìjú mi nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì ó kó ẹrù lọ sílé, kò dágbére. Ẹni bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù; ẹ wo irú omi tí èmi dà. Mo ṣì máa ń tẹ́tí sí ìró bàtà rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́místrì ní Adó báyìí, ṣùgbọ́n tó bá di ká po nǹkan pọ̀, ṣe ló máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe é fún òun. Ó ní ọwọ́ òun ò dáa.

Mofẹ́olúwa, ìwọ tó ń lọ sí Adó lọ́la, gba ìdì yìí. Gíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, mo jí i pamọ́. Ibì kan ò bó lára rẹ̀ títí di òní. Bá mi sọ fún un pé omi ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ lè wá gbàdúrà fún mi báyìí, bí ẹ bá ṣì lè di ọwọ́ mi mú.