Àbúrò Tí Rahmon Kò Ní

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo gbé mì ti há mi lọ́fun. Bí n kò bá bì í lónìí, yóò pa mí."

Báyìí ni Rahmon ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú náà, nínú gbọ̀ngàn mọ́sálásí wọn ní Richmond lókè òkun, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn eré máratọ́ọ̀nù tí ẹgbẹ́ wọn sá láti ran àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni, àwọn kan tilẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́. Hajarat, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, kò pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe àánú ló gbé Rahmon dé ìdí eré sísá. Dókítà ló ní kó wá nǹkan ṣe sí ikùn rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ni àwọn méje nínú ẹgbẹ́ náà ti ń pàdé láti sáré ní òwúrọ̀ Sátidé, kí òtútù tó dé àti nígbà tó dé tán. Nọ́ọ̀sì ni Hajarat, kò sì sáré rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa parí, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni àwọn yòókù ń rí lọ́ọ̀ọ́kán. Rahmon sì jẹ́ ẹni tí kì í rí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ kó má yọjú. Kí ló ń lé obìnrin yìí? Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ra irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹ. Kò rídìí rẹ̀.

Ní Sátidé kan tí òjò yìnyín ń rọ̀, Hajarat fi báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀ Rahmon, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ìwé kan yọrí níbẹ̀. Rahmon ṣí i. Lẹ́tà ni Hajarat ń kọ sí àbúrò rẹ̀ tí àrùn yẹn pa, lẹ́tà kan fún eré kọ̀ọ̀kan: "Lónìí mo sá máìlì mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo wá rántí bí o ṣe máa ń gbé tìrẹ lé itan mi tí egungun bá ń dà ọ́ láàmú, tí wàá ní kí n máa kàwé fún ọ títí oorun á fi gbé ọ lọ." Rahmon kà á, ó tún un kà, ó dá ìwé padà síbi tó wà. Ì bá parí síbẹ̀.

"Ojú mi ló jalè," ó sọ fún wọn, "ẹnu mi ló wá tà á."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaji Adnan, alága ẹgbẹ́, ní kí olúkúlùkù sọ ìdí tó fi ń sáré, kí wọ́n fi ṣe fídíò. Hajarat wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kan Rahmon, ojú tì í láti dárúkọ ikùn. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó jáde ni, "Mo ní àbúrò obìnrin kan. Ó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé itan mi." Dọ̀tun tó ń ya fídíò bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, Rahmon di ẹni àpọ́nlé.

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù," Rahmon wí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n sáré, Hajarat, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè wo fídíò kankan, dìde nínú ìpàdé, ó sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí obìnrin kan fi pòṣé: "Ìtàn Bùrọ̀dá Rahmon nìyẹn!"

Alhaji Adnan fajú ro. "Hajarat, a kì í fi òkú ẹlòmíràn tọrọ àánú. Rahmon, ṣé ìwọ lo sọ ọ́ fún un?"

Hajarat wo Rahmon. Rahmon wo ilẹ̀. "Bóyá mo sọ ọ́ fún un níbi tí a ti ń sáré, sà."

Hajarat kó báàgì rẹ̀, ó jáde. Gbogbo òtútù tó fara dà láti oṣù kẹwàá, ó já sí asán. Kò wá sí eré náà.

Rahmon sá tirẹ̀ parí. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ pè é láti Ìwó, fídíò ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Rahmon, ìwọ nìkan ni mo bí. Ta ni mo bí tó kú tí n kò gbọ́?" Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́," ó ní, "ẹ má ṣe fi ìbànújẹ́ oníbànújẹ́ ṣe ara yín lọ́ṣọ̀ọ́. Hajarat, mo bẹ̀ ọ́."

Hajarat dìde. Kò pariwo.

"Bùrọ̀dá Rahmon, kí ló dé tí ẹ ò kàn bi mí? Ǹ bá sọ fún yín."

Hajarat rìn dé iwájú gbọ̀ngàn.

"Juwairiyyah lorúkọ àbúrò mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ẹ pè é kí gbogbo wọn gbọ́."

Rahmon pè é. Alhaji Adnan pè é tẹ̀lé e, ó sì tẹrí ba fún Hajarat, bó ti dàgbà jù ú lọ tó.

Hajarat so ìborùn rẹ̀ dáadáa. "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ìdáríjì ò tíì dé ọkàn mi. Ọjọ́ tó bá dé, màá pè yín."