Ọwọ́ Tí Mo Fi Bo Ìwé

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Bétérou. Dókítà ti sọ fún ìyàwó mi ohun tí kò fẹ́ kí n gbọ́, mo sì ti gbọ́ ọ. Èmi Nasser ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Tata Latifatou, àbúrò ìyá mi, ẹ sún mọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ yín ni.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni mò ń gba owó kajú yín lọ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Kutọnu, tó ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sínú àpò kan láti fi dókòwò. Tata kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún fráǹkì wá. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, owó iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n bi mí pé kí ni ẹni tó ń bá wọn pa owó mọ́ yóò mú níbẹ̀. Mo ní, “Bí àjọ ni, tata. Owó ọjọ́ kan ni alájọ ń mú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ta ni kò mọ alájọ láàárín wa? Ọkàn wọn balẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ìwé wà lọ́wọ́ mi: ilé-iṣẹ́ á gé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún bí owó bá ń wọlé, méjì lọ́dọọdún, ìbáà jèrè, ìbáà má jèrè, márùn-ún bí èèyàn bá kó o jáde kó tó pé ọdún márùn-ún. Ìdajì ohun tí wọ́n ń gé níbi ìwọlé, èmi ló ń bọ́ sí lọ́wọ́. Tata ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wo ìwọ̀n kajú láti kékeré, ta ni yóò fi nọ́ńbà tàn án jẹ? Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ka, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí nọ́ńbà wà, bí ẹni pé mi ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ìwé lọ. Òṣìkà ni mí. Obìnrin yìí ló ta iṣu rán mi lọ síléèwé tí mo ti kọ́ Faransé ọ̀hún.

Ní ọdún kejì, tata gun zémíjàn, alùpùpù akérò, wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Tchaourou. Dókítà Parakou ti ní kí wọ́n tètè wá, kí wọ́n mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀rìnlérúgba dání. Ọjà ò yá lọ́dún méjèèjì, èrè kankan ò wọlé. Mo ṣírò ohun tí yóò kù lẹ́yìn gígé: bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dín sí ohun tí dókítà béèrè. Ẹ gbọ́ o, mo ní ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lápò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí tata bá rí ohun tí ilé-iṣẹ́ gé, àṣírí mi tú nìyẹn, ẹ ò sì ní kówó fún mi mọ́. Mo wò wọ́n lójú, ojú tí kò rí mi dáadáa mọ́, mo ní, “Tata, ẹ ní sùúrù, owó ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ ni.” Wọ́n ní sùúrù. Kajú so, a ká a, wọ́n ṣì ní sùúrù. Nígbà tí a fi máa dé Parakou, dókítà ní ká ní ọdún tó kọjá ni, ojú náà ì bá ṣeé là. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú jáde. Títí a fi délé ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tẹ̀ka sí ohun tí wọn ò kà sí yín létí. Ẹ bi wọ́n: kí lẹ ó gé bó bá ń wọlé, kí lẹ ó gé lọ́dọọdún, kí lẹ ó gé bó bá ń jáde? Ẹni tó bá ní bí àjọ ni, ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìwé. Tata, ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Ìwé ọ̀hún rèé. Mo ti gbé ọwọ́ mi kúrò, ẹ̀yin lẹ ò wá lè rí i mọ́.